Ohùn Ṣakí àti Ohùn Ìsẹ́yìn

Irinṣẹ́ oko ni Àwáwù ń tà ní Ṣakí: àdá, àáké, ọkọ́ àti dòjé. Ìyá Àdìjátù ni gbogbo ọjà ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó sì ti sọ fún gbogbo ẹni tó wá fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin lọ̀ ọ́ pé irin tí òun ń tà ti tó òun bá gbélé. Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí àwọn sójà gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú, nígbà tí òjò ń dínkù tí àwọn àgbẹ̀ sì ń múra ebè tuntun, ọkọ́ tán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gba ilé tẹlifóònù lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí wọ́n bá òun pe ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ní Ìbàdàn.

Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ pe Ìbàdàn láti Ṣakí kì í dá a pè. Yóò sọ fún Florence tó jókòó nídìí bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń so ìpè. Florence yóò yí ọwọ́ ẹ̀rọ, agogo yóò dún ní Ìsẹ́yìn, Ìsẹ́yìn yóò wá Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ yóò wá Ìbàdàn. Èyí tó bá yá nínú rẹ̀ náà máa ń pẹ́ díẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kì í tilẹ̀ yá rárá. Ẹlòmíràn á wá láàárọ̀, wọ́n á ní kó padà wá lọ́sàn-án. Bí ìpè bá sì wọlé, ohùn tó ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kànga tí wọ́n ti dé ìdérí lé.

Ìyá Àdìjátù rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kékeré kọ́ ni ariwo tó pa. Àwọn tó ń kọjá lójú títì gbọ́ gbogbo ohun tó sọ.

"Ọkọ́ mi ti tán," ló wí. "Ẹ bá mi fi òmíràn ránṣẹ́ kíákíá, èyí tó le dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í bóyá ó dá a lójú. Ìyá Àdìjátù ní ó dá òun lójú, òun ò lè wà báyìí títí ọdún yóò fi parí. Ibẹ̀ ni ìpè já sí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni lọ́rì kan já ọkùnrin kan sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ládòkun lorúkọ rẹ̀. Ó ti dàgbà díẹ̀, ó wọ agbádá tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó gbé àpótí lọ́wọ́ kan, ó mú búrẹ́dì lọ́wọ́ kejì. Ó kí Ìyá Àdìjátù tìtìjú-tìtìjú, ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní kí òun máa bọ̀. Ìyá Àdìjátù kí i káàbọ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo inú lọ́rì, ó tún wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọkọ́ náà dà?" ló bi í.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ọkùnrin náà sọ ní Ìbàdàn ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀, kò fi etí sí bí obìnrin yìí ṣe pe ohun tó pè. Ó tún ọwọ́ agbádá rẹ̀ ká sí èjìká.

"Èmi rè é," ló wí.

Ìyá Àdìjátù kò bá a jà, nítorí àlejò ni. Ó gbé oúnjẹ fún un, ó dúró kó jẹ ẹ́ tán, ó sì mú un lọ́wọ́ lọ sí ilé tẹlifóònù, ó ní kí Florence wá wo ohun tí wáyà rẹ̀ gbé fún òun. Ó ní ọkùnrin náà kò burú, òun kò rí nǹkan kan wí sí i, ṣùgbọ́n ọkọ́ lòun béèrè, òun kò béèrè ọkọ. Ládòkun alára gbà pé òótọ́ ni. Ó wọ lọ́rì padà lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú àdá tuntun kan tí obìnrin náà fi ta á lọ́rẹ.

Ọ̀rọ̀ náà kò bá a wọ lọ́rì ní tirẹ̀. Gbogbo Ṣakí ló gbọ́. Ẹni tó bá ti wọ ilé tẹlifóònù, kó tó sọ ibi tó fẹ́ pè, yóò kọ́kọ́ bi Florence bóyá ó ṣì ku ọkọ kan nílẹ̀. Florence kì í rẹ́rìn-ín. Ọmọ olùkọ́ ìjọ kan ni, kò tíì pẹ́ tó kúrò níléèwé, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì kúrú, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún un ní ohùn tó wúwo ju ara rẹ̀ lọ. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àárín àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń mú un dúró sí. Bó bá sọ pé "Tẹlifóònù Ṣakí" sínú ẹ̀rọ, ẹni tó wà lódì kejì á ti máa ro ìyá àgbà kan tó sanra, tó jókòó sórí àga ńlá, tó so ìró mọ́ àyà.

Ẹni tí inú ń bí i sí jù lọ ni ẹni tó wà nídìí bọ́ọ̀dù ní Ìsẹ́yìn. Kò rí i rí, kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ìlú ni àwọn tó ń so ìpè fi máa ń pe ara wọn: Ìsẹ́yìn, fún mi ní Ìbàdàn. Ṣakí, ẹ dúró ná. Ohùn Ìsẹ́yìn tín-ín-rín, ó ń dún bí ti ọmọ tí wọ́n gbà síṣẹ́ láná, nítorí náà Florence kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó máa pe onítọ̀hún ní ìwọ. Ó ń bi í bóyá oorun ló ń sùn. Ó ń bi í ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Bó bá ti bínú tán, ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ kò yàtọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, tún wáyà ọ̀dọ̀ rẹ ṣe."

Ìsẹ́yìn kì í bínú padà. "Ẹ má bínú, mà," ló máa ń wí. "Gbogbo ọ̀dọ̀ wa níbí ló mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo ọ̀dọ̀ tiyín."

Ìrẹ̀lẹ̀ náà gan-an ló tún ń bí Florence nínú. Ó ti wo ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ràmọ́nì, ẹni tó ń gun òpó wáyà ní Ṣakí, ti bá a pààrọ̀ bátìrì. Wọ́n ti tú bọ́ọ̀dù palẹ̀, wọ́n fi aṣọ nu orí gbogbo okùn rẹ̀ títí ó fi ń dán bí òrùka ìyàwó. Ìsẹ́yìn ní àwọn náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣakí ń na ìka sí Ìsẹ́yìn, Ìsẹ́yìn ń fi ọ̀wọ̀ na ìka sí Ṣakí, ohùn kò sì kúrò nínú kànga.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àdìjátù ló fi ẹjọ́ wáyà sùn ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Ìbàdàn. Ojú ti tì í, nítorí òun ló rọ Ládòkun títí ó fi gbà láti lọ. Bí ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Mákindé ṣe gbé Láńdírófà wá sí Ṣakí nìyẹn. Ọkùnrin tó sanra ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, iṣẹ́ tẹlifóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọ̀bẹ ṣe ń wà lọ́wọ́ alápatà. Ó jókòó ti Florence láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń gbọ́, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìgbà tó yá ló bi í pé ìgbà wo gan-an ni wáyà ń ṣàìsàn.

Florence ní àárọ̀ ni ó burú jù. Bí oòrùn bá ti mú dáadáa, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀, títí di ọ̀sán, tí èèyàn á fi lè mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá sì rọ̀, ó ní ó sàn kéèyàn kọ lẹ́tà.

Mákindé mi orí. Ó ní ohun tí oòrùn bá ń wò sàn, omi ló fà á. Ó ṣàlàyé fún un pé orí wáyà méjì ni ohùn ń rìn, ó ń gba ọ̀kan lọ, ó ń gba èkejì bọ̀. Bí nǹkan tútù bá wá bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì níbi kan, ohùn á rí ọ̀nà àbùjá, á gba ibẹ̀ padà sílé, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù ni yóò dé ibi tí wọ́n rán an. Ìrì ń sẹ̀ lóru, nǹkan náà ń tutù, oòrùn ń yọ, ó ń gbẹ. Bọ́ọ̀dù Ṣakí kò ní ẹ̀ṣẹ̀, ti Ìsẹ́yìn náà kò ní. Ojú ọ̀nà ni nǹkan náà wà.

Ràmọ́nì bi í bóyá ó mọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. Mákindé ní òun mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ní máa yẹ òpó wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pe Ìsẹ́yìn, ó ní kí ẹni tó wà nídìí bọ́ọ̀dù fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kó gbé fóònù ìdánwò, kó máa bọ̀. Florence àti Ràmọ́nì yóò gbé Láńdírófà láti Ṣakí. Níbi tí wọ́n bá ti dúró, wọ́n á tú wáyà lórí òpó, wọ́n á so fóònù mọ́ apá tó lọ sílé, wọ́n á gbọ́ ọ. Wọ́n á so ó mọ́ apá kejì, wọ́n á gbọ́ ìyẹn náà. Apá tí kò bá mọ́ ni kí wọ́n kọjú sí. Bí àwọn méjèèjì bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ bọ̀, ohun tí wọ́n ń wá á bọ́ sáàárín wọn. Ràmọ́nì ní òun lè dá a ṣe, kò nílò kí obìnrin jókòó ti òun. Ọ̀gá ní ọwọ́ Ràmọ́nì mọ òpó, ṣùgbọ́n etí Florence ló mọ àìsàn náà. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sídìí bọ́ọ̀dù, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Àgọ́-Àrẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dúró. Ràmọ́nì gun òpó, ó tú wáyà, ó ju okùn fóònù sísàlẹ̀ fún Florence. Ó pe Ṣakí, ohùn Mákindé wọlé bí ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn. Ó pe apá Ìsẹ́yìn, kànga ló dá a lóhùn. Wọ́n so wáyà padà, wọ́n tẹ̀ síwájú. Níbi tí wọ́n tún dúró sí, ohùn Mákindé ṣì mọ́ gaara, ṣùgbọ́n sùúrù rẹ̀ ti ń dínkù. Ó ní àwọn èèyàn ti kún inú ilé, òun sì fẹ́ mọ ìdí tí gbogbo wọn fi ń béèrè ọkọ lọ́wọ́ òun.

Nígbà tí wọ́n kọjá Òtu díẹ̀, wọ́n bá agbo màlúù kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn fi ara ti òpó wáyà, ó ń họ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òpó ń mì, wáyà ń mì, màlúù dijú. Ràmọ́nì ní ó tán, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Florence ní kó fara balẹ̀. Ó ní kó so fóònù nígbà tí màlúù ń họ ara, ó gbọ́ ọ. Wọ́n wá bẹ Fúlàní tó ń dà wọ́n pé kó lé e kúrò, ó tún gbọ́ ọ. Kò sí ìyàtọ̀. Fúlàní náà bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ mú màlúù òun lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Florence ní rárá, wọ́n ti dá a láre.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé Ìpàpó, ọ̀nà ọkọ̀ yà sí apá kan, wáyà yà sí apá kejì, ó gba inú oko lọ. Wọ́n dúró níbẹ̀ láti dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí Florence so fóònù mọ́ apá Ìsẹ́yìn, ohùn tín-ín-rín tó mọ̀ dáadáa ló dá a lóhùn. Ó jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni ohùn náà wí. "Mo ti wà nítòsí Ìpàpó. Láti ìdí òpó tí mo wà yìí títí dé Ìsẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ mọ́. Iwájú mi, lápá ọ̀dọ̀ yín, ni kò mọ́."

"Èmi náà wà nítòsí Ìpàpó," ni Florence wí, "láti ìdí òpó tèmi dé Ṣakí mọ́. Ìwọ ọmọ yìí, máa tẹ̀ lé wáyà bọ̀. Bí o bá dé iwájú mi, ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ fún mi ta ni kò mọ́."

Wọ́n fi Láńdírófà sílẹ̀, wọ́n wọ inú oko. Koríko ga dé èjìká Florence. Wọ́n kọjá lábẹ́ igi èmí kan, èyí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, wọ́n la ebè iṣu kọjá, wọ́n jáde síbi tó tẹ́jú, àwọn méjèèjì sì dúró sójú kan.

Òpó wáyà kan ti dùbúlẹ̀ sínú koríko. Wáyà tó yẹ kó gbé ti sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ èèyàn lè tó o, ṣùgbọ́n kò kanlẹ̀, nítorí ẹnì kan ti fi igi ẹlẹ́ka gbé e dúró ní ibi púpọ̀. Láti igi kan dé èkejì, ewé tábà ló wà lórí wáyà. Wọ́n gùn, wọ́n fẹ̀, wọ́n so ìdí wọn méjì-méjì, wọ́n gbé wọn kọ́ sórí wáyà méjèèjì bí ẹni sá aṣọ ìdílé kan tí gbogbo wọn wọ ohun kan náà. Ìrì kò tíì gbẹ tán lára àwọn tó wà lábẹ́ òjìji. Ọkùnrin kan jókòó sí ìsàlẹ̀ wọn, ó ń fi okùn so ewé mìíràn, ó ń kọrin sínú.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, baba arúgbó kan yọ láti apá kejì oko. Irun rẹ̀ funfun. Ó gbé irin tí wọ́n fi ń gun òpó kọ́ èjìká, ó ń ti alùpùpù gba àárín ebè, fóònù ìdánwò sì ń mì lọ́rùn rẹ̀. Florence wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá yóò rí ọmọ kan tó ń tẹ̀ lé e. Baba náà wo ẹ̀yìn Florence, ó ń wá ẹnì kan. Florence kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n ó rọra kí i débi pé kò gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," ni baba náà wí. "Màmá ńkọ́?"

Ohùn náà tín-ín-rín.

"Màmá wo, sà?"

"Màmá tẹlifóònù Ṣakí. Wọ́n ní àwọn ti wà nítòsí ibí. Ẹsẹ̀ wọn kò dùn wọ́n, àbí?"

Ràmọ́nì kọjú sí inú koríko, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Florence kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ronú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti bá ohùn yìí sọ láti ìgbà tí wáyà ti ń ṣàìsàn: oorun, ọ̀lẹ, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó rí i pé kò sí bí òun ṣe lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì fi ohùn tí Ọlọ́run fún un sọ̀rọ̀.

"Èmi ni Ṣakí, sà."

Baba náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo Ràmọ́nì, bóyá òun ló sọ̀rọ̀. Ó fi irin èjìká rẹ̀ lélẹ̀, ó rọra jókòó sórí òpó tó wó.

"Ìwọ?" ló wí. "Èmi tí mo máa ń ṣí fìlà kí n tó dá ẹ lóhùn."

Florence bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní ẹnu òun ló yá, ó ní wáyà ló tan òun, ó ní bí òun bá mọ̀, òun ìbá máa kúnlẹ̀ kí òun tó yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Baba náà kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí ẹ̀rín ti gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí fìlà nu ojú. Jẹ́ẹ́dé lorúkọ rẹ̀. Ó ti gun òpó wáyà nígbà èwe rẹ̀ kí eegun tó sọ pé ó tó, kí wọ́n tó gbé e sídìí bọ́ọ̀dù. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ju Florence lọ. Ó ní òun ti sọ fún ìyàwó òun pé ìyá àgbà kan wà ní Ṣakí tó ń tún òun tọ́, ìyàwó òun sì ti sọ pé kí òun máa bọ̀wọ̀ fún un, pé ìwọ̀nba irú àgbà bẹ́ẹ̀ ló kù láyé.

Ọkùnrin tó ń so tábà ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó ń wò wọ́n. Ìyápọ̀ ló ń jẹ́, òun ló ni oko. Ó ní kí wọ́n má bínú, bí wọ́n bá ti kí ara wọn tán, òun fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń wá nínú oko òun. Gbogbo wọn gbójú sókè wo wáyà.

Ìyápọ̀ kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní ìjì tó jà nígbà òjò àkọ́kọ́ ló wó òpó, wáyà wá ń fa ewúrẹ́ lọ́rùn, òun sì fi igi gbé e sókè kó má baà pa ẹran onẹ́ran. Ìjì yẹn kan náà ló ká òrùlé ahéré tí òun ti ń sá tábà. Nígbà tí tábà gbó, òun wo wáyà, òun rí i pé ó nà, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i dáadáa, kò sì sí ẹni tó wá a wá. Òun rò pé wáyà náà ti kú lọ́jọ́ tí òpó wó.

"Kò kú," ni Jẹ́ẹ́dé wí. "Ṣé kò ṣe yín bákan rí nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan ewé?"

Ìyápọ̀ ronú. Ó ní nǹkan kan wà. Láàárọ̀, bí ewé bá ṣì tutù, nǹkan máa ń di òun lọ́wọ́ mú nígbà mìíràn, á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, á sì fi í sílẹ̀. Òun rò pé agbára tábà ni. Òun ti ń yangàn káàkiri Ìpàpó pé tábà tòun lọ́dún yìí le.

Florence bo ẹnu. Ó ṣàlàyé fún un pé iná díẹ̀ ló ń gba orí wáyà lọ lu agogo Ìsẹ́yìn, ìgbàkígbà tí òun bá sì yí ọwọ́ ẹ̀rọ ní Ṣakí, inú ọwọ́ Ìyápọ̀ ló ń gbà kọjá.

"Ṣé ìwọ lò ń bọ̀ mí lọ́wọ́ láràárọ̀?" ni Ìyápọ̀ bi í. Kò bínú. Ó jọ pé inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ kan wà tí ó gbọn òun títí òun fi jókòó sílẹ̀. Florence mọ ọjọ́ náà. Àwọn èèyàn ti ń bi í nípa ọkọ láti ìgbà tó ṣílẹ̀kùn.

Ràmọ́nì ní kí wọ́n mú ọkùnrin náà lọ bá ọlọ́pàá, nítorí wáyà ìjọba ni. Jẹ́ẹ́dé ní kó dákẹ́. Ó ní bí kì í bá ṣe igi tí ọkùnrin yìí fi gbé wáyà dúró, inú ẹrọ̀fọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ìbá wà láti ìgbà ìjì, Ṣakí kì bá tilẹ̀ ní ohùn kànga tó ní. Ó bi Ìyápọ̀ bóyá ó lè gba okùn dípò wáyà. Ìyápọ̀ ní bí okùn bá wà, kí ni òun ń fi wáyà ṣe.

Okùn wà nínú Láńdírófà. Wọ́n so ó láti igi èmí kan dé èkejì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó tábà kúrò lórí wáyà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oje rẹ̀ lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó dúdú, kò ṣeé fọ̀. Florence ń kó ewé, ó ń bẹ Jẹ́ẹ́dé pé kó jókòó, Jẹ́ẹ́dé ń sọ pé kí Màmá má ṣe wàhálà. Nígbà tí ó pè é ní Màmá lẹ́ẹ̀kẹta, Florence fi ewé tábà bojú. Lẹ́yìn náà ni Ràmọ́nì àti Ìyápọ̀ gbẹ́ ihò tuntun, wọ́n gbé Láńdírófà wọ oko wá fa òpó náà dìde, Jẹ́ẹ́dé sì dúró nísàlẹ̀, ó ń sọ fún Ràmọ́nì bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́, títí Ràmọ́nì fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n parí. Florence so fóònù mọ́ wáyà, ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ó sì pariwo orúkọ Ṣakí bó ṣe máa ń pariwo rẹ̀ lójoojúmọ́. Mákindé bi í ta ló ń pa á létí. Ìsẹ́yìn náà dá sí i, ẹni tí Jẹ́ẹ́dé fi bọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún, ohùn rẹ̀ mọ́ débi pé wọ́n gbọ́ ọ bó ṣe ń jẹ gúgúrú. Mákindé béèrè ohun tí wọ́n rí. Florence ní tábà ni. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa bọ̀ kíákíá, kí wọ́n wá gba òun lọ́wọ́ àwọn èèyàn Ṣakí.

Ó pẹ́ kí Ṣakí tó gbà pé ara wáyà ti dá. Ariwo ti mọ́ wọn lára. Ẹni tó bá mú fóònù á ké bí ẹni tó ń pe ará oko, ẹni tó wà ní Ìbàdàn á ní ṣé ìjà ni. Ìyá Àdìjátù pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó pe ọkọ́, ó ṣàlàyé pé èyí tí wọ́n ń fi kọ ebè, èyí tí alágbẹ̀dẹ ń rọ, èyí tí kò ní ẹnu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun ti gbọ́ kó tó máa ṣàlàyé. Ọkọ́ dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n tún òpó gbé dìde, Florence mí kanlẹ̀ kó tó yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣakí ni." Ó wá gbọ́ ìró àga, bí ẹni pé ẹnì kan dìde dúró.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni Jẹ́ẹ́dé wí. Lẹ́yìn náà ló pòṣé sí ara rẹ̀. Ó ní òun ti gbìyànjú, ẹnu òun kò gbà, òun kò lè sọ ìwọ sí irú ohùn yẹn. Bí Florence bá wá kí òun nílé, òun á pè é ní ọmọ. Lórí wáyà, kó fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Ó fara mọ́ ọn. Wọ́n ń pe ara wọn ní ẹ̀yin lójoojúmọ́, àwọn tó ń gbọ́ wọn láti Ọ̀yọ́ sì rò pé àgbà méjì ni wọ́n.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí Ìyápọ̀ ti ta tábà rẹ̀ tán, ó wọ aṣọ tó dáa, ó wá sí Ṣakí. Ó wọlé sí ilé tẹlifóònù, ó dúró sórí ìlà bíi gbogbo èèyàn. Nígbà tó kàn án, ó ní òun fẹ́ pe èèyàn. Florence bi í pé ta ni. Ó ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni tó ní fóònù, ṣùgbọ́n òun ṣáà fẹ́ pe èèyàn. Florence wò ó. Ó mú okùn, ó ki í bọ inú bọ́ọ̀dù, ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ó sì gbé fóònù lé Ìyápọ̀ lọ́wọ́. Jẹ́ẹ́dé ló wà lódì kejì.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí òpó. Wọ́n ti ibẹ̀ bọ́ sórí òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ ewúrẹ́, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tó ń dun Jẹ́ẹ́dé, Ìyápọ̀ sì ń ka ewé tó lè ràn án lọ́wọ́ fún un. Kò pariwo rárá. Ìlà ń gùn sẹ́yìn. Olùkọ́ kan tó ń dúró láti pe Ọ̀yọ́ bi Florence bóyá kò lè já wọn. Florence ní kó ní sùúrù, ọkùnrin náà ti pẹ́ lórí wáyà yẹn láìsọ nǹkan kan.